Ohùn Wa Lẹ́nu Bodè: Àlàyé Lórí Ètò Ohùn Inú Ẹ̀rọ Oníbodè Tẹlifóònù

Ní ayé àtijọ́, kò sí ìlú olódi nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní bodè, kò sì sí bodè tí kò ní oníbodè. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ẹrù dé ibẹ̀, ìbáà ṣe epo, ìbáà ṣe iyọ̀ tàbí aṣọ, ọwọ́ oníbodè ni ẹrù náà yóò gbà kọjá. Òun ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, òun ni yóò gba owó bodè, ọwọ́ rẹ̀ náà ni ó sì wà bóyá ẹrù yóò wọlé ní odindi tàbí yóò dín kù. Ohun tí a fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí jẹ́ oníbodè irú èyí, ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn ni ẹrù tí òun ń yẹ̀ wò. Àpótí kékeré kan ni, tí ó ṣeé gbé sí àtẹ́lẹwọ́. Gateway ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Ẹ̀rọ oníbodè ni èmi yóò máa pè é láti ìhín lọ.

Ní apá kan ara rẹ̀ ni ihò tí a ń ki okùn tẹlifóònù orí tábìlì bọ̀, irú èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀; ní apá kejì ni ihò okùn íńtánẹ́ẹ̀tì wà. Ohùn tí ó bá ti ẹnu tẹlifóònù wọlé yóò di nọ́ńbà. A ó di nọ́ńbà wọ̀nyí ní ìdì kéékèèké, ìdì náà yóò sì gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sí ibi tí a rán wọn. Bí ìdì bá ti ìhà ọ̀hún dé, ẹ̀rọ náà yóò tú wọn, yóò sì sọ wọ́n di ohùn padà. Ihò tí ń fún tẹlifóònù ní iná ni wọ́n ń pè ní FXS. Èyí tí a ń so mọ́ okùn tí ó ti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù wá ni FXO.

Láti ọdún 2001 tí tẹlifóònù alágbèéká GSM ti dé Nàìjíríà, okùn tẹlifóònù onírin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ láàrin wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ oníbodè kò bá a lọ. Ó wà ní ọ́fíìsì, ní ilé ìtura, ní ilé ìwòsàn, àti ní àwọn yunifásítì tí tẹlifóònù orí tábìlì ṣì ń dún. Ní ìlú Ọba pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti kéde pé oṣù kìíní ọdún 2027 ni àwọn yóò pa ètò tẹlifóònù onírin àtijọ́ tì, inú àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé ni irú ẹ̀rọ yìí fara pamọ́ sí, àwọn ìyá wa tí ń gbé ní Peckham sì ń sọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá láìmọ̀ pé bodè kan wà níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá wá gbé ẹ̀rọ yìí kalẹ̀ sábà máa ń fi ètò ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti bá a, tàbí kí ó yan èyí tí yóò jẹ dátà níwọ̀nba. Èmi kò bá a jà, nítorí dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n èdè tiwa kì í ṣe èdè tí a lè fi gíga àti rírẹlẹ̀ ohùn rẹ̀ ṣeré. Igba jẹ́ iye owó, ìgbà jẹ́ àkókò, igbá ni a fi ń bu omi, ìgbá sì jẹ́ ìbátan ikàn. Kọ́ńsónáǹtì kan náà ni, fáwẹ́lì kan náà ni, ohùn nìkan ni ó pín wọn níyà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni èyí: nínú gbogbo ètò tí ó wà nínú ẹ̀rọ oníbodè, èwo ni ó ń pa ọ̀rọ̀ Yorùbá lára, èwo ni kò sì ṣe é ní nǹkan kan?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Ohùn ọkùnrin tí ó ti dàgbà sábà máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti obìnrin a máa tó 200 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá pe ohùn òkè, ìgbọ̀n náà a yára. Bí a bá pe ohùn ìsàlẹ̀, a falẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí tẹlifóònù là sílẹ̀ fún ohùn láti ìgbà pípẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbọ̀n 300, ó sì parí sí 3400. Èyí ni pé ìgbọ̀n gan-an tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wa kì í gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé rárá! Báwo wá ni a ṣe ń gbọ́ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ àti ọkọ̀ lórí tẹlifóònù?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ohùn ènìyàn kì í dá rìn. Ohùn tí ó bá ń gbọ̀n ní ìgbà 120 a máa kó ẹlẹgbẹ́ lẹ́yìn, ní 240, ní 360, ní 480, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa gòkè lọ. Olórí wọn kò ráyè wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, àlàfo tí ó wà láàrin ọ̀kan sí èkejì sì jẹ́ 120 síbẹ̀. Inú àlàfo yẹn ni ọpọlọ ẹni tí ń gbọ́ ọ ti ń mọ ẹni tí olórí wọn jẹ́. August Seebeck, ará Jámánì, ti kíyè sí irú nǹkan báyìí ní ọdún 1841, J. F. Schouten tí í ṣe ará Nẹ́dálándì sì ṣe àlàyé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1940. Bí kò bá sí ti ọgbọ́n tí Ẹlẹ́dàá fi sínú etí yìí, èdè Yorùbá kì bá tí ṣeé sọ lórí tẹlifóònù láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Ìlànà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé láti sọ ohùn di nọ́ńbà ni wọ́n ń pè ní codec. Èyí tí ó jẹ́ àgbà nínú wọn ni G.711, tí àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ tẹlifóònù fọwọ́ sí ní ọdún 1972. Ó ń wọn ohùn ní ìgbà 8000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń fi bíìtì 8 kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílóbíìtì 64. Àdúgbò méjì ni ó ní: PCMA tí Yúróòpù àti ilẹ̀ Áfíríkà ń lò, àti PCMU tí Amẹ́ríkà àti Jàpáánì ń lò. Nàìjíríà wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́, nítorí náà PCMA ni ó yẹ kí ó ṣáájú nínú ẹ̀rọ tí a bá gbé kalẹ̀ níhìn-ín. Bí ìpè bá lọ sí Amẹ́ríkà, ìhà tọ̀hún ni ìlànà náà gbé ẹrù ìyípadà lé lórí.

G.711 kì í pa ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ lára. Ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ wa ni àwọn kọ́ńsónáǹtì tí agbára wọn wà lókè ìgbọ̀n 3400, pàápàá ìró s. Bí ẹnì kan bá sọ lórí tẹlifóònù pé, ‘Ẹ fún un,’ tí ẹlòmíràn sì sọ pé, ‘Ẹ sún un,’ àyíká ọ̀rọ̀ ni yóò gba olùgbọ́ sílẹ̀, kì í ṣe etí rẹ̀. Ní ti èyí, tẹlifóònù àti ìlù dùndún jọ ara wọn ju bí a ti rò lọ: ohùn ni ọwọ́ àwọn méjèèjì kọ́kọ́ dì mú. Codec kan wà tí ń jẹ́ G.722, ti ọdún 1988, tí ó ṣí ọ̀nà náà dé ìgbọ̀n 7000, tí s àti f sì hàn gbangba nínú rẹ̀. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n tẹlifóònù orí tábìlì àtijọ́ kò ní ẹnu àti etí tí ó lè lò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ adùn rẹ̀ yóò ra tẹlifóònù tuntun ní ìhà méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kàn wá dé orí G.729, èyí tí àwọn agbẹ́rọkalẹ̀ fẹ́ràn jù. Ọdún 1996 ni wọ́n fọwọ́ sí i, kílóbíìtì 8 péré ni ó sì ń ná, ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tí G.711 ń ná. Báwo ni ó ṣe ń ṣe é? Kì í gbé ohùn lọ rárá. Àpèjúwe ohùn ni ó ń gbé lọ. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá gbọ́ oríkì ní Ọ̀yọ́, tí ó kọ bí apohùn ti la ẹnu àti bí ó ti gbé ohùn sókè sílẹ̀ sínú ìwé, tí ó sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ní Ìjẹ̀bú-Òde pé kí ó tún un pè. Ní mílísẹ́kọ́ńdì 10 kọ̀ọ̀kan, bíìtì 80 ni ó ní láti fi ṣe àpèjúwe yìí. Bíìtì 18 ń sọ bí ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun ti rí. Mẹ́tàlá ń sọ bí ohùn ti ga tàbí ti rẹlẹ̀ tó. Ọ̀kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí ó ṣọ́ apá tí ó ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́tàlá wọ̀nyí, kí a lè mọ̀ bí ó bá bàjẹ́ lọ́nà. Èyí tí ó kù wà fún ìyókù ìró náà àti agbára rẹ̀. Gíga ohùn tí ó lè kọ sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbọ̀n bí 56, ó sì dé bí 414. Bí ènìyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ lásán, yálà ọkùnrin tàbí obìnrin, kò wọ́pọ̀ kí ohùn rẹ̀ kọjá ààlà yìí.

Ẹ kíyè sí i: nínú gbogbo àpèjúwe náà, gíga ohùn ni wọ́n yàn ẹ̀ṣọ́ fún. Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é, èmi kò mọ ohun tí wọn ìbá tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà n kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé G.729 kò yẹ èdè olóhùn. Nígbà tí gbogbo ìdì bá dé láìsọnù, ó ń jẹ́ iṣẹ́ bí a ti rán an.

Ibi tí wàhálà wà ni ìgbà tí ìdì bá sọnù. Ẹ̀rọ tí ń tú ẹrù ní ìhà kejì kì í dákẹ́ nígbà náà; yóò mú gíga ohùn tí ó gbẹ̀yìn, yóò máa tún un pè, yóò sì máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìdì mìíràn yóò fi dé. Nínú ọ̀rọ̀ tí a sọ láìkánjú, sílébù Yorùbá kan lè gba mílísẹ́kọ́ńdì 150 tàbí 200. Bí mílísẹ́kọ́ńdì 20 bá sọnù nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ohùn òkè tí ó bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣe ni ó ń gun òkè bí ẹni ń gun àkàbà. Bí ó bá jẹ́ àárín àkàbà yẹn ni ìdì sọnù, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ẹ̀rọ yóò fi dí i. Báyìí ni ìyá ṣe ń fẹ́ di ìyà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì yóò kàn gbọ́ ohùn tí ó ha díẹ̀. Àwa yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ètò tí ó kan ọ̀ràn yìí kì í ṣe codec nìkan. Nínú ẹ̀rọ HT802 ti ilé iṣẹ́ Grandstream, èyí tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ó wọ́pọ̀, ẹ ó rí ìlà kan tí a kọ ‘Voice Frames per TX’ sí. Iye ègé ohùn tí a ń dì sínú ìdì kan ni ó ń sọ. Ìdì kọ̀ọ̀kan ni a ń lẹ àdírẹ́sì mọ́ lára, àdírẹ́sì náà sì wúwo: báìtì 40 ni. Ní G.729, bí ègé méjì bá wà nínú ìdì, ohùn inú rẹ̀ jẹ́ báìtì 20 péré. Àdírẹ́sì wúwo ju ẹrù lọ ní ìlọ́po méjì! Àpapọ̀ rẹ̀ á wá jẹ́ kílóbíìtì 24, kì í ṣe 8 tí wọ́n kọ sára páálí. (Ti G.711 á di 80.) Ọlọ́gbọ́n inú yóò wá sọ pé, ‘Ẹ jẹ́ kí a di ègé mẹ́fà papọ̀,’ ìnáwó náà yóò sì wálẹ̀ sí bí 13. Èrè ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdì kan tí ó bá sọnù nígbà náà ti gbé mílísẹ́kọ́ńdì 60 lọ, méjì a sì gbé 120, èyí tí ó ju ìdajì sílébù lọ. Ẹ fi í sí 2. Owó tí a bá fi ohùn òkè ṣọ̀fọ̀ láti rí kì í ṣe owó.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi ń dá àwọn ènìyàn lámọ̀ràn pé kí PCMA ṣáájú, kí G.729 tẹ̀ lé e, níbikíbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lágbára tó. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpè tí a ń ṣe ní Nàìjíríà, orí tẹlifóònù alágbèéká ni wọ́n ń parí sí, tẹlifóònù alágbèéká sì ní codec àpèjúwe tirẹ̀. Bí a bá ti ṣe àpèjúwe ohùn lẹ́ẹ̀kan, tí a tún wá ṣe àpèjúwe àpèjúwe náà, ọ̀rọ̀ náà ti di ti onígbọ̀ọ́-sọ. Abẹ́ ‘Preferred Vocoder’ ni a ti ń tò wọ́n.

Nísinsìnyí, ètò tí mo kà sí ọ̀tá gan-an ni èyí tí a ń pè ní ‘Silence Suppression’. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá dákẹ́, ẹ̀rọ kò ní fi ìdì ránṣẹ́ mọ́ títí yóò fi tún lanu. Lórí ìwé, ó lẹ́wà: nígbà tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, èkejì ń gbọ́, nítorí náà nǹkan bí ìdajì dátà ni a lè fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni yóò pinnu ohun tí í ṣe ìdákẹ́. Ní ọ́fíìsì tí jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn fèrèsé, ẹ̀rọ yóò gbé ìwọ̀n ìdákẹ́ sókè kí ó má baà ka ariwo jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀rọ̀, ohùn àgbàlagbà tí kò le mọ́ yóò sì bọ́ sábẹ́ ìwọ̀n yẹn.

Kí ni yóò wá kọ́kọ́ sọnù? Ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn àti òpin rẹ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, fáwẹ́lì kan ṣoṣo ni ó ń gbé ẹrù tí ó wúwo jù nínú èdè wa. Àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé fáwẹ́lì ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé ti owó kúrò, ó ku wó. Èyí tí ó tún burú jù ni ti ẹ ọlọ́wọ̀. Ọmọdé kan sọ fún àgbà lórí tẹlifóònù pé, ‘Ẹ dúró, mò ń bọ̀,’ ẹ̀rọ gé ẹ sọnù, àgbà gbọ́, ‘Dúró, mò ń bọ̀.’ Àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun tí a sì ń fi tẹlifóònù olówó pọ́ọ́kú kí àwọn òbí wa nílé mọ irú ìjà tí èyí lè dá sílẹ̀, àti bí ó ti ṣòro tó láti fi ẹ̀rọ ṣe àwáwí fún ẹni tí ó bí ọ. Ní òpin gbólóhùn ẹ̀wẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó bá gbẹ̀yìn a máa rọra kú lọ bí iná àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán. Ẹ̀rọ a ti ilẹ̀kùn kí ó tó kú tán, ìyàtọ̀ láàrin ọkọ àti ọkọ̀ a sì dín kù. Bákan náà ni ‘hùn’ àti ‘ẹ̀n-ẹ́n’ tí olùgbọ́ ń fi gbe ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, tí òun yóò sì máa bèèrè pé, ‘Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?’ ‘No’ ni kí ẹ yàn níwájú ètò yìí.

Lẹ́yìn èyí ni àpò ìdúró, tí wọ́n ń pè ní ‘Jitter Buffer’. Àwọn ìdì kì í dé ní ìwọ̀n ìgbà kan náà. Òmíràn a pẹ́ lọ́nà. Nítorí náà ẹ̀rọ ń kó wọn jọ fún ìwọ̀n àkókò díẹ̀ kí ó tó tú wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Bí àpò náà bá kéré, ẹni tí ó pẹ́ yóò bá ilẹ̀kùn ní títì, a ó sì kà á sí ẹni tí ó sọnù. Bí ó bá tóbi, ọ̀rọ̀ yóò máa pẹ́ kí ó tó dé. Àjọ ITU dámọ̀ràn pé kí ọ̀rọ̀ má ṣe ju mílísẹ́kọ́ńdì 150 lọ láti ẹnu sí etí bí a bá fẹ́ kí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ dán mọ́rán. Ẹni tí ó bá mọ bí ìkíni Yorùbá ti gùn tó, tí ẹnì kan kò tíì sọ̀ tán tí èkejì ti ń dáhùn, yóò mọ̀ pé ìpẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láàrin wa. Ẹ yan ‘Adaptive’, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa fẹ àpò náà, kí ó sì máa fún un, bí ọ̀nà bá ti rí.

Ìyókù kò gba àkókò púpọ̀. Gbohùngbohùn tí ènìyàn fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ padà, ibi tí okùn méjì tẹlifóònù àtijọ́ ti pàdé ọ̀nà tuntun ni ó ti ń wá. Ẹ̀rọ ní ohun tí ń pa á, ẹ má ṣe dí i lọ́wọ́. Bí ó bá sì tún ń dún, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti gbé ‘Gain’ ga jù, tàbí pé ‘SLIC Setting’ kò bá irú tẹlifóònù náà mu. Ní ti ìró bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ nígbà tí báńkì bá ní kí a tẹ 1 tàbí 2, G.729 a máa bà á jẹ́, nítorí kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ẹ yan RFC 2833, kí a lè fi nọ́ńbà bọ́tìnì ránṣẹ́ ní ìdì tirẹ̀.

Láti wọ inú ẹ̀rọ náà, ẹ gbé tẹlifóònù tí a so mọ́ ọn, ẹ tẹ àmì ìràwọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì tẹ 02. Ẹ̀rọ yóò ka àdírẹ́sì rẹ̀ sí yín létí. Ẹ kọ àdírẹ́sì yìí sí ojú kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé kan náà, ẹ ó sì rí gbogbo ìlà tí mo dárúkọ. Nígbà tí ẹ bá ṣe ètò yín tán, kí ẹnì kan jókòó sí yàrá mìíràn pẹ̀lú bírò àti ìwé, kí ẹ pè é láti orí tẹlifóònù yín, kí ẹ sì ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí i létí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láìtẹ̀ lé ètò kan: igba, ìgbà, igbá, ìgbá, ìyá, ìyà, ọkọ, ọkọ̀, fún, sún, dúró, ẹ dúró. Kí ó kọ ohun tí ó bá gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Bí ìyá àti ìyà bá dàrú mọ́ ọn lójú, ìdì ni ó ń sọnù. Bí ẹ bá sọnù níwájú dúró, ẹ padà lọ wo ‘Silence Suppression’. Bí ó bá jẹ́ fún àti sún nìkan ni ó ṣì í lọ́wọ́, kò sí ètò tí ẹ ṣe tí ó burú. Ọ̀nà tẹlifóònù náà ni ó mọ bẹ́ẹ̀.